Ẹ Má Tíì Buwọ́ Lu Ẹ̀yìn Ìwé Oògùn Yẹn

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé England, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò yín, kí àìsàn tó dé. Ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹ ò tiẹ̀ ní ìwé tó fi àdírẹ́ẹ̀sì yín hàn, wọn ò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn lé yín padà. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín forúkọ sílẹ̀, gbájúẹ̀ ni. Bí ara ò bá yá lóru, ẹ pe 111; bó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ẹ pe 999. Ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo bá wá.

Ìdí káńtà kẹ́míìsì kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ojú mi ló sì ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ wa á wọlé, á kí mi dáadáa, á gba oògùn, bí mo bá dárúkọ owó báyìí, ojú rẹ̀ á yí padà. «Ẹ̀gbọ́n, mo ṣáà ti sanwó NHS nígbà tí mo ń gba físà!» NHS ni ètò ìlera ìjọba níbí, lóòótọ́ lo sì san án: £1,035 lọ́dún fún àgbàlagbà, £776 fún akẹ́kọ̀ọ́. Owó yẹn gbé ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà àti ilé ìwòsàn. Kò kan oògùn, kò sì kan eyín. Láti oṣù Karùn-ún 2024, £9.90 ni oògùn kọ̀ọ̀kan. Oògùn kọ̀ọ̀kan ni mo wí o, kì í ṣe ìwé kọ̀ọ̀kan. Bàbá ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí dókítà kọ oògùn mẹ́ta fún, £29.70 nìyẹn. Ẹ má sì gba ìmọ̀ràn lẹ́nu ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Glasgow, torí Wales ti fagi lé owó yìí ní 2007, Northern Ireland ní 2010, Scotland ní 2011. England nìkan ló ṣì ń gbà á.

Ẹ̀yìn ìwé oògùn ni wàhálà wà. Wọ́n to àpótí kéékèèké síbẹ̀ fún àwọn tí kò ní láti sanwó: aláboyún, ẹni ọgọ́ta ọdún sókè, ẹni tó ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju iye tí òfin là kalẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó sin yín wá á wá yọ́ ọ sọ sí yín létí pé, «Mú ọ̀kan níbẹ̀ jàre, ta ló fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò?» NHSBSA, iléeṣẹ́ NHS tó ń bójú tó owó oògùn, ló ń yẹ̀ ẹ́ wò! Bó bá rí i pé kò tọ́ sí yín, ẹ ó san owó oògùn, ẹ ó tún san ìtanràn ìlọ́po márùn-ún rẹ̀, kò kàn ní ju £100 lọ. Bàbá oní-£29.70 á san £129.70. Bí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n bá kọjá láìsan án, £50 tún gorí tirẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn tó ń sàmì sí Universal Credit, tí físà wọn kò sì fàyè gba owó ìrànwọ́ ìjọba rárá. Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń fọwọ́ ara yín kọ sílẹ̀ ni?

Ìyàwó akẹ́kọ̀ọ́ kan mú lẹ́tà ìtanràn wá bá mi lóṣù kan, ó ti ká a sí wẹ́wẹ́ bí ìwé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà. Oyún inú rẹ̀ ti yọ síta gan-an. Òun gẹ́lẹ́ ni òfin ní kó má san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a béèrè ìwé ẹ̀rí aláboyún. Kọ̀ǹpútà kì í wo ikùn. Ẹ sọ fún agbẹ̀bí yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kó gba ìwé yẹn fún yín; á ṣiṣẹ́ títí ọdún kan lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n ní ẹ ó bímọ. Kì í sì í ṣe tiwa nìkan. National Audit Office, tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò, sọ ọ́ ní 2019 pé láti 2014, ìwé ìtanràn oògùn àti eyín tó tó mílíọ̀nù 5.6 ni wọ́n ti fi ránṣẹ́, wọ́n sì padà fagi lé mílíọ̀nù 1.7, torí ó hàn pé ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn náà ni.

Ìjọba wọn mọ̀ pé tálákà ń tètè kú ju olówó lọ. Ìgbìmọ̀ Sir Douglas Black kọ ọ́ fún wọn ní 1980. Ẹ̀dà 260 péré ni ìjọba tẹ̀, àsìkò ìsinmi ìjọba (bank holiday) ni wọ́n sì gbé e jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Marmot tún kọ irú rẹ̀ ní 2010. Láti 2021, NHS England ní ètò Core20PLUS5, tó dojú kọ ìdá kan nínú márùn-ún àwọn tí ìṣẹ́ ń bá fínra jù, àti àwọn bíi tiwa tí ìtọ́jú kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Oyún àti ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára ohun márùn-ún tí wọ́n mú ní pàtàkì. Ètò ńlá ni, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n bó bá dé káńtà, fọ́ọ̀mù ló ń dà, ẹni tí kò mọ fọ́ọ̀mù kò rí nǹkan kan gbà. Àwọn kan lórí ìlà á tún máa kùn pé àlejò ló ń jẹ NHS run, ìtìjú á sì lé ọmọ wa sá.

HC1 ni fọ́ọ̀mù náà ń jẹ́. Ẹ kún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì NHSBSA. Bí owó tó ń wọlé bá kéré, tí èyí tó wà ní báńkì kò sì ju £16,000 lọ, wọ́n lè fún yín ní ìwé ẹ̀rí HC2, tó sọ oògùn àti eyín di ọ̀fẹ́. HC3, ìwé ìrànwọ́ apá kan, kò kan oògùn o, ẹ má fi sàmì sí ohunkóhun! Akẹ́kọ̀ọ́ lè kún HC1, ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ náà lè kún un. Kò sí lára owó ìrànwọ́ tí físà kà léèwọ̀. Ẹ yé fi ìyẹn dẹ́rù ba ara yín.

Kí ìwé tó dé, ẹ sanwó, kí ẹ sì béèrè FP57 lójú ẹsẹ̀. Rìsíìtì tí wọ́n fi ń gba owó padà láàárín oṣù mẹ́ta ni. Bí ẹ bá ti jáde, kẹ́míìsì ò lè fún yín mọ́, ẹ má wá bá mi jà lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí lára àìsàn tó ń sọ oògùn di ọ̀fẹ́, àtọ̀gbẹ tí à ń lo oògùn sí ló wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí bàbá olóògùn mẹ́ta lóṣooṣù ra ìwé àsanṣáájú (prepayment certificate), kó san £114.50 lẹ́ẹ̀kan fún ọdún kan gbáko, dípò £356.40. Ti oṣù mẹ́ta wà ní £32.05.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kó láti yàrá dé yàrá, ẹ máa sọ fún GP ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kó. Lẹ́tà ìtanràn ò mọ̀ pé ẹ ti kó.