Ọjọ́ tí èmi nìkan dúró ti tábìlì síkúrù ẹ̀yìn

Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní tíátà kí wọ́n tó ní kí èmi nìkan dúró ti tábìlì síkúrù ẹ̀yìn, níbi tí a ń to síkúrù tí wọ́n fi ń di eegun ẹ̀yìn mú sí. Títí di ọjọ́ yẹn, ẹ̀yìn Sístà àgbà wa ni mo máa ń wà. Iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn ti àtijọ́, èyí tí wọ́n ń la ẹ̀yìn gbọọrọ sí, kì í bà mí lẹ́rù, torí gbogbo nǹkan ló wà ní gbangba: eegun rèé, iṣan rèé, síkúrù rèé. Èyí tí wọ́n ń gba ojú ihò kéékèèké ṣe ló máa ń já mi láyà. Dókítà á máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ awọ bí ẹni tó ń fọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, ohun tí ẹ̀rọ X-ray bá fi hàn wọ́n nìkan ni wọ́n ń rí. Bí ẹni tó wà nídìí tábìlì bá na síkúrù tí kò tọ́ sí wọn, inú eegun ni wọn yóò ti mọ̀.

Bàbá kan ni aláìsàn ọjọ́ náà. Eegun kẹrin nísàlẹ̀ ẹ̀yìn wọn, tí a ń pè ní L4, ti yọ̀ síwájú lórí ìkarùn-ún, L5. Dísìkì, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín méjèèjì, ti gbó, iṣan ìmọ̀lára tó ń lọ sí ẹsẹ̀ òsì sì ti há. Wọn ò lè rìn jìnnà kí wọ́n tó máa wá ibi tí wọn yóò jókòó sí. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni pé ká yọ dísìkì náà, ká fi kéèjì kan, ohun kékeré tó ṣófo nínú, dípò rẹ̀, kí síkúrù mẹ́rin àti ọ̀pá méjì sì di eegun méjèèjì mú títí wọn yóò fi so pọ̀ di ẹyọ kan.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo ní kí wọ́n gbé àpótí irinṣẹ́ náà wá kí wọ́n tó lọ sè é. Ẹ má fojú kéré alẹ́ yìí o. Ọ̀pọ̀ wàhálà tíátà, alẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo wo síkúrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn sábà máa ń nípọn láti 5.5 mm dé 7.5 mm, kí ó sì gùn láti 35 mm dé 55 mm. Èyí tí a fi ń ṣe iṣẹ́ olójú kékeré ní ihò láti orí dé ìdí, bí ìlẹ̀kẹ̀, kí wáyà tó ń darí rẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Mo ki wáyà bọ inú gbogbo wọn, àti ti táàpù tó ń la ọ̀nà fún síkúrù àti ti díráfà tó ń yí i wọlé, torí èérí eegun àná lè dí ihò táàpù tàbí ti díráfà, tí ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ̀ àfìgbà tí wáyà bá kọ̀ tí kò kọjá lójú iṣẹ́. Lórí síkúrù kọ̀ọ̀kan, etí gígùn méjì ló wà tí yóò yọ síta ara. Òun ni a ó fi darí ọ̀pá àti nọ́ọ̀tù wọlé. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó ṣẹ́ etí náà kúrò.

Titanium ni síkúrù àti ọ̀pá wa, èyí tí wọ́n pò mọ́ aluminium ìdá 6 àti vanadium ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó fúyẹ́, kì í dípẹtà nínú ara, kì í sì í di ewu fún aláìsàn nínú ẹ̀rọ MRI, tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, bíi ti irin tí òòfà ń fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń da àwòrán tó yí i ká rú díẹ̀. Ohun mìíràn ni wọ́n fi ṣe kéèjì náà. PEEK ni, irú ike líle kan. Líle rẹ̀ sún mọ́ ti eegun ju ti titanium lọ, X-ray sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìyẹn ni dókítà ṣe lè rí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan bóyá eegun ti ń hù gba àárín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí X-ray ò rí, báwo la ṣe máa mọ ibi tó wà? Wọ́n ti fi tantalum tín-ín-tìn-ìn sí igun rẹ̀, ó máa ń dúdú lójú àwòrán bí orí abẹ́rẹ́. Kéèjì yìí rí bí àgò adìẹ lóòótọ́: ara rẹ̀ lihò, inú rẹ̀ ṣófo.

Sístà àgbà ló kọ́kọ́ là mí lóye lórí iṣẹ́ tí àwọn irin yìí ń ṣe gan-an. Mo ti rò pé síkúrù ló ń gbé ẹ̀yìn ró títí láé. Wọ́n ní, “Ṣé o ti rí pákó tí bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kì dúró títí kọnkéré á fi gbẹ? Síkúrù nìyẹn. Eegun ni kọnkéré.” Bí eegun kò bá so pọ̀ láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún kan, síkúrù á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, títí yóò fi mì lójú ihò rẹ̀ tàbí kí ó kán. Ìdí rèé tí dókítà fi ń bínú sí sìgá. Nicotine kì í jẹ́ kí eegun tètè so.

Mo tún ka ìtàn rẹ̀ díẹ̀ lálẹ́ yẹn, oorun ò kúkú kun ojú mi. Dókítà Roy-Camille ní ilẹ̀ Faransé ti ń fi síkúrù gba ọrùn eegun ẹ̀yìn, ìyẹn ibi tóóró tó so iwájú eegun kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, láti àwọn ọdún 1960. Dókítà Magerl wá gba ojú awọ fi tirẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ìta ara ni ó de irin mọ́ wọn, tí aláìsàn á máa gbé e kiri lẹ́yìn. Ní 1997, àwọn Dókítà Foley àti Smith gbé iṣẹ́ yíyọ dísìkì láti inú túùbù jáde. Nígbà tó di 2001, Foley kọ̀wé lórí bí a ṣe ń ti síkúrù àti ọ̀pá wọlé pátápátá láìla ẹ̀yìn.

Láàárọ̀, mo yẹ àmì orí àpótí wò bóyá ó ti yí àwọ̀, èyí tó ń sọ pé àpótí náà ti gba inú ẹ̀rọ ooru 134°C kọjá. Mo wọ ẹ̀wù òjé, mo fọ ọwọ́, mo wá to tábìlì. Bí mo ṣe tò ó nìyí: mo fi abẹ́rẹ́ sí apá òsì pátápátá, wáyà tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà túùbù, láti orí èyí tó kéré jù títí dé èyí tó fẹ̀ ní 22 mm, táàpù, síkúrù, ọ̀pá, nọ́ọ̀tù. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni ọwọ́ mi á máa lọ sí ọ̀tún. Ẹni tó bá ń to irinṣẹ́ bí ó ṣe dùn ún wò á máa wá nǹkan kiri nígbà tí Dókítà bá na ọwọ́.

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé. Lójú X-ray tí a yà láti ẹ̀yìn, eegun kọ̀ọ̀kan dà bí orí òwìwí, ọrùn eegun méjèèjì sì ni ojú rẹ̀. Etí òde ojú òwìwí ni abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé. Títí tí yóò fi jìn tó nǹkan bí 20 mm, kò gbọ́dọ̀ tíì kọjá etí inú, torí ibẹ̀ ni iṣan ìmọ̀lára wà. Dókítà fi òòlù kan án jẹ́jẹ́, a ya àwòrán, wọ́n tún kàn án. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ X-ray ń kígbe “àwòrán!”, gbogbo wa á sì fà sẹ́yìn. Bí o bá sún sẹ́yìn di ìlọ́po méjì, ìtànṣán tó máa kàn ọ́ á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Mo máa ń sún.

Nígbà tí a ti gba inú abẹ́rẹ́ ki wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú eegun, a tẹ̀ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, a wá fi túùbù wọlé lápá òsì tó ń dun bàbá jù. Túùbù ò gé ẹran ẹ̀yìn, ńṣe ló ń yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹní ń yẹ koríko kí ó lè kọjá. Dókítà gbẹ́ oríkèé tó bo dísìkì kúrò. Gbogbo eegun tí wọ́n gbẹ́ ni mo gbà, mo yọ ẹran kúrò lára rẹ̀, mo rún un wẹ́wẹ́ sínú àwo. Òun ni a ó kì sínú kéèjì, kò sì sí eegun tó dára tó ti ẹni fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ dísìkì tán, wọ́n fi irin ìdánwò wọn àyè náà: 8 mm wọlé wọ̀ọ̀, 9 mm ṣì ń mì, 10 mm há dáadáa. Mo ní kí wọ́n mú kéèjì 10 mm wá, wọ́n ka ohun tó wà lára páálí rẹ̀ sókè, Dókítà tún un kà, kí wọ́n tó ya páálí náà. Òòlù díẹ̀, ó wọlé. Orí abẹ́rẹ́ dúdú yẹn hàn lójú àwòrán níbi tó yẹ kó wà.

Síkúrù ló kù, ibẹ̀ ni nǹkan ti fẹ́ yíwọ́.

Orí wáyà ni táàpù ń gbà wọlé, ó ń la ojú ọ̀nà fún eyín síkúrù. Bí táàpù bá wọlé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí kò bá ìtẹ̀sí wáyà mu, ó lè gbá wáyà mú kí ó sì máa tì í lọ síwájú. Iwájú eegun yẹn gan-an ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn wà. Sístà àgbà ti kìlọ̀ fún mi pé tí táàpù bá ti ń yí, ojú mi kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìdí wáyà tó yọ lẹ́yìn. Mo ti fi yíǹkì sàmì sí i. Lórí síkúrù kẹta, mo rí i tí àmì náà ń rì, bí ẹni ń rí omi tó ń fà.

“Dókítà, wáyà ń wọlé!”

Ohùn mi jáde ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Wọ́n dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo fi ẹ̀mú gbá ìdí wáyà mú, wọ́n tú táàpù sẹ́yìn, a ya àwòrán ẹ̀gbẹ́. Orí wáyà ṣì wà nínú eegun, ṣùgbọ́n ó ti sún mọ́ iwájú. Wọ́n fà á sẹ́yìn, wọ́n tún ìtẹ̀sí táàpù ṣe, a ń bá iṣẹ́ lọ. Wọn ò sọ ju “O ṣé” lọ. Òógùn ti bo ẹ̀yìn mi lábẹ́ ẹ̀wù òjé.

Ọ̀pá ò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń tanni. Abẹ́ awọ ló ń gbà láti orí síkúrù kan dé ìkejì, ojú lásán ò lè rí bóyá ó bọ́ sí ojú ihò tàbí ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Dókítà di etí gígùn síkúrù mú, wọ́n gbìyànjú láti yí i. Bí ọ̀pá bá wà nínú rẹ̀, kò ní yí. Ti ọwọ́ ọ̀tún nísàlẹ̀ yí po bí kọ́kọ́rọ́ inú àgádágodo tó bàjẹ́. Ọ̀pá ti gba ẹ̀gbẹ́. Wọ́n fà á jáde, wọ́n tún un tì, lọ́tẹ̀ yìí ó kọ̀ kò yí. Mo wá na nọ́ọ̀tù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dè é kanlẹ̀, díráfà tó ní ìwọ̀n agbára ni mo na sí wọn. Bó bá ti dé ìwọ̀n rẹ̀, á dún “kọ̀!”, agbára ò sì ní kọjá ibẹ̀.

A wá ṣẹ́ etí àwọn síkúrù. Síkúrù mẹ́rin, etí méjì-méjì, mẹ́jọ ló yẹ kí n gbà. Mo ka méje. Mo tún un kà, méje. Dókítà ti na ọwọ́ fún òwú ìránṣọ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, etí kan ò tíì pé.” Gbogbo ilé dákẹ́. A wo ojú ihò, a wo aṣọ, a wo ilẹ̀. Dókítà akunnilóorun náà bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kù díẹ̀ ká pe X-ray padà ni mo rántí irinṣẹ́ tí a fi ṣẹ́ wọn. Mo gbọ̀n ọ́n sínú àwo, etí kẹjọ sì jábọ́ láti inú ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn ìránṣọ, mo lẹ sítíkà mọ́ fáìlì: síkúrù mẹ́rin, nọ́ọ̀tù mẹ́rin, ọ̀pá méjì, kéèjì kan. Mọ́kànlá. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá ké sí wa lọ́jọ́ kan pé àbùkù wà nínú ọ̀wọ́ kan, nọ́ńbà ara sítíkà yìí nìkan ló lè sọ ẹni tí ohun náà wà nínú ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo yà kí bàbá ní wọ́ọ̀dù. Wọ́n ti dìde dúró, wọ́n di ẹ̀rọ ìrìn mú, wọ́n ní ojú egbò ń dùn wọ́n àmọ́ ẹsẹ̀ òsì ti fúyẹ́. Wọ́n bi mí bóyá èmi ni mo wà níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

“Síkúrù mélòó lẹ wá fi sí mi lẹ́yìn?”

“Mẹ́rin ni, sà.”

Wọ́n wò mí díẹ̀. “Ṣé o kà á dáadáa?”

Mo ní mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.