Sẹ́ńsọ̀ ló ń mu epo mọ́tò mi, kì í ṣe púlọ́ọ̀gì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mọ́tò mi fi ń mu epo bí ẹní mu omi. Èéfín dúdú ń jáde nídìí rẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti gbóná, ó máa ń ṣagídí kó tó tún dáhùn. Mẹkáníìkì ní púlọ́ọ̀gì ni. Mo pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó lọ, èéfín ò lọ.

Iná ẹ́ńjìnnì ò tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun tó tàn wá jẹ nìyẹn. Mo yá skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà mọ́tò ń rí, lọ́wọ́ rìwáyà àdúgbò wa. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn, skánà ní omi ẹ́ńjìnnì ò ju 41°C lọ. Irọ́! Họ́ọ̀sì òkè rédíétọ̀ ò ṣeé fọwọ́ kàn. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ ló ń parọ́, kì í ṣe tẹmọsítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná (tèmi ṣì wà níbẹ̀, n ò gbà kí wọ́n yọ ọ́ dànù bí ìṣe wọn).

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, mo tú sẹ́ńsọ̀ náà, èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó. Ẹ má tú u tó bá gbóná o, omi á bó yín lára. Mo ki imú rẹ̀ bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, mo fi mítà kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì: 1,100 ohm (òun ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó). Bí omi bá ṣe ń gbóná ló yẹ kí iye yẹn máa já wálẹ̀. Tuntun tí mo rà já sí 210. Kọ̀ǹpútà mọ́tò rò pé òtútù ń mú ẹ́ńjìnnì, ló bá ń rọ epo sí i.

Mo de sẹ́ńsọ̀ tuntun náà, mo bu omi kún rédíétọ̀. Skánà ka 88°C, èéfín sì ti lọ. Púlọ́ọ̀gì àtijọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà nínú búùtù.