Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú ni ṣégede: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ọmọ tó ní HIV

Ohun tó sábà máa ń pa ọmọ tó ní HIV ni àwọn àrùn tó ń ráyè wọlé nígbà tí ara ò lágbára láti jà mọ́: òtútù àyà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìgbẹ́ gbuuru tí kò dá, àti àwọn jẹjẹrẹ kan. Ilé ni wọ́n ti ń ráyè ṣọṣẹ́, torí pé a ti ní orúkọ tí a máa ń pè wọ́n. Ara gbóná, eyín ló ń hù. Ọmọ ń rù, jẹ̀díjẹ̀dí ni.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, wọ́n ní ṣégede ni. Ṣégede kì í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ. Jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Burkitt, tí òun náà máa ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, kì í lọ fúnra rẹ̀, ó sì lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 1 sí 2. Eyín á máa mì, ojú lè yọ síta. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, ẹ má fi omi gbígbóná jó o, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín yẹn. Ọmọ tí kò ní HIV náà máa ń ní in, pàápàá níbi tí ibà pọ̀ sí bíi tiwa. Bí ẹ bá tètè dé ilé ìwòsàn ńlá, oògùn jẹjẹrẹ máa ń ràn án dáadáa. Jẹjẹrẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní Kaposi ńkọ́? Àwọn kan ń retí àbàwọ́n aláwọ̀ àlùkò lára, ṣùgbọ́n nínú ọmọdé, ó lè jẹ́ kókó ọrùn nìkan ló máa wú.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni dídá Septrin, oògùn tó ń dènà àwọn àrùn yìí, dúró nítorí pé ara ọmọ le. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní HIV máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, nítorí òtútù àyà Pneumocystis, tó ń mú ọmọ oṣù 3 sí 6 jù lọ. Ìwádìí kan ní Zambia, tó jáde ní 2004, fi hàn pé Septrin dín ikú àwọn ọmọ tó ní HIV kù ní ìdá 43 nínú 100. Oògùn tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan! Dókítà ló ń dá a dúró, kì í ṣe ìyá àgbà.

Ẹ má gbára lé àyẹ̀wò kẹ́mísì fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 18. Àwọn èròjà tí ara ìyá fi ń bá HIV jà, tó ti ara ìyá wọ ara ọmọ, ló lè máa fi hàn. PCR, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá kòkòrò HIV fúnra rẹ̀, ni kí ẹ béèrè.

Ní ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, ọmọ kékeré máa ń gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mì, nítorí náà ẹ má dúró de kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ má sì fi káàdì kílíníìkì kan pamọ́ fún èkejì: rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń dín agbára dolutegravir, ọ̀kan lára oògùn HIV, kù, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ sì ni ọmọ máa ń lo dolutegravir nígbà náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ oògùn HIV, ibà lè dé, kókó abíyá tó wà lápá ibi tí wọ́n gún BCG, abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, sí lè wú. “Oògùn yìí ló fẹ́ pa á,” ni wọ́n á wí, wọ́n á sì dà á nù. Ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ló ń bá àrùn tó ti sá pamọ́ jà. Ẹ má dá oògùn dúró. Ẹ kó gbogbo oògùn ọmọ dání, kí ẹ gbé e padà sí kílíníìkì lọ́jọ́ náà gan-an.