Bí A Ṣe Lè Fi Dígí, Tọ́ọ̀ṣì àti Ohùn Ẹnu Ṣàkíyèsí Ojú, Etí àti Iṣan Adáṣiṣẹ́

Ní ọjọ́ Sátidé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá máa ń péjọ sí yàrá mi ní Kubwa, ní Abuja, kí a lè jọ yẹ iṣẹ́ ara wò, ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti máa ń há ni ti àwọn iṣan (nerve, okùn tí ń gbé ìròyìn àti àṣẹ láàárín ọpọlọ àti ara) tí ń ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wa. Ìwé pe ẹ̀ka méjì tí iṣan wọ̀nyí ní ní sympathetic àti parasympathetic. Èmi máa ń pè wọ́n ní ẹ̀ka ìtagìrì àti ẹ̀ka ìdẹ̀ra, nítorí pé ti àkọ́kọ́ ló ń gbé ara dìde nígbà tí ajá bá ṣàdédé gbó mọ́ni, ti ìkejì ló sì ń jọba nígbà tí a bá jẹun tán tí a rọ̀gbọ̀kú. Ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ wọn kì í gbàgbé, ohun tí a ó sì lò kò ju dígí, tọ́ọ̀ṣì kékeré, ìwé pélébé kan àti bíró lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí iná bá ti lọ, tàbí kí ẹ fa kọ́tìnnì bo fèrèsé. Ojú tiwa a máa dúdú, òrùka tó yí ọmọlójú ká sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ọmọlójú fúnra rẹ̀. Nítorí náà ẹ má ṣe dojú tọ́ọ̀ṣì kọ ojú tààrà bí wọ́n ti ń yà á sínú ìwé. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, òrùka náà yóò sì hàn ní pupa rúsúrúsú. Kí ẹnì kejì yín (tàbí ẹ̀yin fúnra yín nínú dígí, bí ẹ bá dá wà) máa wo ọ̀ọ́kán, kí ẹ tan iná fún ìṣẹ́jú àáyá 2, kí ẹ sì pa á. Ọmọlójú yóò súnkì kí ẹ tó sẹ́jú, yóò sì fẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Nínú òkùnkùn ó lè fẹ̀ tó mílímítà 8. Nínú ìmọ́lẹ̀ líle ó lè súnkì dé 2. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ọwọ́ ṣe ògiri sórí imú, ẹ tan iná sí ojú ọ̀tún, ṣùgbọ́n ojú òsì ni kí ẹ máa wò. Òun náà yóò súnkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ kò kàn án, nítorí pé ìròyìn tó gba ojú ọ̀tún wọlé ń pín sí méjì nínú ọpọlọ, àṣẹ ẹ̀ka ìdẹ̀ra sì ń jáde lọ sí ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ìtagìrì ni fífẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn: ó ti ọpọlọ gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ dé òkè àyà, ó tún gba ọrùn gòkè padà kó tó dé ojú.

Àwọn kan wà tí ọmọlójú wọn kò dọ́gba láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ìyẹn kò sì léwu. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ṣubú lórí ọ̀kadà tó forí gbá, tí ọmọlójú kan wá fẹ̀ ju èkejì lọ, tí kò sì súnkì fún ìmọ́lẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ ní kíá, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tàbí wíwú ń tẹ iṣan tí ń mú ọmọlójú súnkì nínú agbárí.

Ní ọdún 1921, ní ìlú Graz ní Austria, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Otto Loewi, mú ọkàn àkèré méjì. Ó ta iṣan vagus (iṣan ẹ̀ka ìdẹ̀ra tó ti ọpọlọ lọ sí ọkàn) ti àkọ́kọ́ jí, lílù ọkàn náà sì falẹ̀; ó bu omi tó ti ibẹ̀ wá sórí ìkejì, lílù tirẹ̀ náà sì falẹ̀, láìsí iṣan kankan tí a fọwọ́ kàn lára rẹ̀. Kẹ́míkà tí iṣan tú sínú omi ló ṣe é, acetylcholine sì ni orúkọ rẹ̀. Loewi àti Henry Dale, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1936. Kẹ́míkà yìí kan náà ló ń mú ọmọlójú súnkì. Ìdí nìyí tí dókítà ojú fi ń kán oògùn tó ń dínà rẹ̀ sí wa lójú kó lè ríran dé ẹ̀yìn ẹyinjú, tí ìwé kíkà a sì di ìṣòro fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà. Ẹ má wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀, ẹ sì mú awò dúdú lọ́wọ́, nítorí oòrùn ọ̀sán Abuja le jù fún ọmọlójú tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ lè fọwọ́ kan iṣẹ́ vagus lára yín. Ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín kan ọrùn ọwọ́ níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Ẹ má lo àtàǹpàkò, òun náà ní ìlù tirẹ̀. Lára àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́, ìlù náà máa ń wà láàárín 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fa èémí sínú títí ẹ ó fi ka 4, ẹ mí síta títí ẹ ó fi ka 6, láìmú ìka kúrò. Ìlù náà yóò yá díẹ̀ bí ẹ ti ń fa èémí, yóò sì falẹ̀ bí ẹ ti ń mí síta, nítorí pé vagus ń tú ọwọ́ lára ọkàn nígbà àkọ́kọ́, ó sì ń dì í mú padà nígbà kejì. Lára àwọn ọ̀dọ́ ló ti ń hàn jù.

Ti ìwé àti bíró kò pẹ́ rárá. Ẹ ya àgbélébùú kékeré sí apá òsì ìwé, kí ẹ kán tóótó dúdú kan sí apá ọ̀tún, kí sẹ̀ǹtímítà 10 wà láàárín wọn. Ẹ di ojú òsì, ẹ fi ti ọ̀tún tẹjú mọ́ àgbélébùú, kí ẹ sì máa fa ìwé náà súnmọ́ ojú. Nígbà tó bá kù bíi sẹ̀ǹtímítà 37, tóótó náà yóò pòórá. Ibẹ̀ ni nǹkan bíi mílíọ̀nù kan fọ́nrán iṣan ti ń di ìdì jáde kúrò nínú ẹyinjú lọ sí ọpọlọ, kò sì sí àyè fún ohun tí ń gba ìmọ́lẹ̀.

Etí ló yẹ kí a pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí ojú ní ìpéǹpéjú àti ọmọlójú tó ń dín ohun tó wọlé kù, ṣùgbọ́n ààbò tí etí ní kéré. Ìró a lu awọ ìlù etí, ìyẹn a mi egungun 3 tó kéré jù nínú ara, àwọn náà a sì mi omi tó wà nínú ihò kan tó lọ́ pọ̀ bí ìkarahun ìgbín. Nǹkan bíi 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun ló wà níbẹ̀, tí ń sọ ìgbọ̀nrìrì di ìròyìn fún iṣan. Èyí tó bá kú nínú wọn kì í hù padà, àwọn tó ń gbọ́ ìró tó ga tó sì tín-ín-rín ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ.

Èdè wa a máa bo àdánù yìí mọ́lẹ̀ lára àwọn àgbà. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí a fi ń sọ Yorùbá ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 250 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí etí ọmọdé lè gbọ́ dé 20,000. Ìró f, s àti ṣ ló wà lókè níbi tí ìbàjẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bàbá tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń kú yóò gbọ́ orin gbólóhùn náà délẹ̀, yóò sì dáhùn, tí gbogbo ilé yóò fi rò pé etí rẹ̀ pé. Ẹ pa rédíò àti fáànù, ẹ jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n mítà kan kó má baà máa wo ètè yín, kí ẹ sì rọra sọ “fá”, “sá” àti “ṣá” láìtẹ̀lé ètò kan, nígbà 10. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ bi í pé, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbọ́?” Èyí kò dípò àyẹ̀wò dókítà, ṣùgbọ́n bó bá ń ṣì wọ́n gbọ́ léraléra, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò etí. Ó sì lè jẹ́ ìdọ̀tí etí lásán: ẹ fi ìka di etí kan, ẹ kùn “mmm” láìla ẹnu, ẹ ó gbọ́ bí ìró ṣe ń wọ́ lọ sí etí tí ẹ dí, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń rí lára ẹni tí ìdọ̀tí dí ní etí kan. Ẹ má ṣe fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ìṣáná wá ìdọ̀tí náà. Inú lẹ ń tì í sí.

Ariwo tó tó désíbẹ́lì 85 (désíbẹ́lì ni a fi ń wọn bí ìró ṣe le tó) ń ba etí jẹ́ bí èèyàn bá wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 8 lójúmọ́, désíbẹ́lì 3 tó bá sì gorí rẹ̀ ń gé àkókò náà sí ìlàjì. Láìsí ẹ̀rọ ìwọ̀n, bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan tó gbọ́ yín, ariwo náà ti pọ̀ jù. Ní ìta gbangba, bí ẹ bá sọ jíjìnnà sí jẹnẹrétọ̀ di ìlọ́po méjì, ariwo yóò dín ní nǹkan bíi désíbẹ́lì 6. Aránṣọ kan ní òpópónà wa ra wáyà gígùn, ó gbé tirẹ̀ kúrò ní mítà 2 sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lọ sí mítà 8, lẹ́yìn ògiri níbi tí èéfín pẹ̀lú kò ti lè wọlé, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti ń bá a sọ ìwọ̀n aṣọ wọn láìpariwo.