Bí A Ṣe Lè Kọ́ Àwọn Ọmọ Ìbàdàn ní Ìtàn Itai Ará Gati

Kí ẹ tó ṣàlàyé ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí kíláàsì ka Samuẹli Keji orí 15, ẹsẹ 18 sí 22 sókè ketekete. Ẹ dúró pẹ́ níbi tí Dafidi, tó ń sá kúrò ní Jerusalẹmu nítorí Absalomu ọmọ rẹ̀ tó dìtẹ̀ mọ́ ọn, ti ní kí Itai, ará Gati ní ilẹ̀ Filistini, padà, torí pé àjèjì ni, àná ló sì dé. Kí ọmọ kan tún èsì Itai kà: ibi tí ọba bá wà, ìbáà ṣe ikú tàbí ìyè, níbẹ̀ ni òun náà yóò wà. Lójú tèmi, ibí yìí ni ọkàn ìtàn náà wà, nítorí pé ọba tó ń sá lọ ló ń bá sọ̀rọ̀, 600 ọkùnrin Gati àti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, níbi tí ọmọdé ti ń gbọ́ oyè Balógun àti Ọ̀tún Balógun, orí 18 kò ní ṣòro: Dafidi pín ogun sí mẹ́ta sábẹ́ Joabu, Abiṣai àti Itai. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó mú ọba fi ìdá kan lé àlejò lọ́wọ́, kí ẹ sì fún wọn láyè láti ronú.