Ìtàn àti orin Kòríà lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Gyeongju

Wọ ọkọ̀ ojú irin KTX láàárọ̀ ní Seoul. Bíi wákàtí méjì ni dé Gyeongju. Áàpù máàpù Naver Map ni kí o fi wá ọ̀nà. Tí o bá fẹ́ sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tún fi káàdì T-money tí o fi san owó ọkọ̀ kan ẹ̀rọ, kí o má baà san odindi owó tí o bá wọ bọ́ọ̀sì kejì.

Kọ́kọ́ yà sí Gyeongju National Museum. Agogo Ọba Seongdeok, tí wọ́n rọ lọ́dún 771, wà níta gbangba: tọ́ọ̀nù 18.9! Sún mọ́ ara rẹ̀, wàá rí àwòrán àwọn ẹ̀dá ọ̀run tó kúnlẹ̀ sórí òdòdó, tí wọ́n gbé àwo tùràrí dání. Wọn kì í sábà lù ú mọ́. Ohùn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lo máa ń gbọ́.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orin, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2015, wà ní agbègbè Bomun ní Gyeongju. Má torí orin ìgbàlódé K-pop sáré kọjá àwọn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́. Ibẹ̀ gan-an ló dùn.