Bí mo ṣe yẹ abẹ́ ilẹ̀ wò kí n tó ra ilé ní Erie, Colorado

Ilé tá a kọ́kọ́ rí ní Erie, ìyàwó mi ti ń wo ibi tó máa to ìkòkò ẹ̀ sí nínú kíṣìnì kí n tó gbọ́ nǹkan tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò yẹn. Erie ò jìnnà sí Denver, olú ìlú ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, apá kan ẹ̀ wà ní Boulder County, apá kejì wà ní Weld County, ibi tẹ́ ẹ bá yíjú sí ilé tuntun ni, títì tuntun, sùkúù tuntun. Lọ́dún 1990 èèyàn 1,258 péré ló ń gbébẹ̀, nígbà tó fi máa di 2020 wọ́n ti lé ní 30,000.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń gé koríko lójúlé kejì ló bi mí pé ṣé mo ti wo máàpù ihò èédú. Mo ní èédú báwo sà? Kì í ṣe èyí tá a fi ń yan àgbàdo o, èyí tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ni, irú ti Enugu. Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè n'Íbàdàn láyé ìgbà tí èédú Enugu ṣì ń fa ọkọ̀ ojú irin, torí náà ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Tó bá jẹ́ pé nílé ni, mo mọ nǹkan tí mo máa ṣe, màá gba sọ́fè, màá gbé e lọ ṣe charting bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà, màá wádìí mọ̀lẹ́bí tó ni ín. Àyẹ̀wò náà ni mo pè é, mo kàn máa wo ìsàlẹ̀ ni.

Orí wẹ́ẹ̀bù Colorado Geological Survey ni mo kọ́kọ́ lọ, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti àpáta, Golden ni wọ́n wà. Wọ́n ní máàpù àwọn ihò àtijọ́ lọ́wọ́. Mo wá títì ilé yẹn kàn, àfi bí mo ṣe rí i pé orí ihò ló jókòó sí, ihò náà ò sì jìn. Bí ihò bá ṣe súnmọ́ òkè tó ni ewu ẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé torí ibí yìí ló yé mi jù. Bí wọ́n ṣe ń wa èédú nígbà yẹn, wọ́n á gbẹ́ ẹ ní yàrá yàrá, wọ́n á fi òpó èédú sílẹ̀ láàárín kó gbé òkè dúró. Tí wọ́n bá ń jáde, nígbà míì wọ́n á tún gé òpó náà, wọ́n á tà á, òkè á sì wó lẹ́yìn wọn. Ibi tí òpó ṣì dúró gan-an ló ń bani lẹ́rù, torí ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ni á tó wó, tí ilẹ̀ á wá rì, tí ògiri ilé á là. Máàpù náà ò sì pé tán, ọwọ́ ni wọ́n fi yà á, ààlà lè yẹ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe sanwó fún ẹnjiníà ilẹ̀ kan kó bá mi wò ó. Ó ní kí n fi ilé yẹn sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ́ǹtì tó ń tà á ò sọ nǹkan kan fún wa látìbẹ̀rẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tó béèrè rí. Inú bí mi gan-an. Ìyàwó mi sunkún.

Mo tún pe àwọn oníǹṣọ́ránsì. Ẹ fetí sí èyí dáadáa o: ìǹṣọ́ránsì ilé lásán kì í sábà san owó ilẹ̀ tó rì. Colorado ní ètò kan fún ilé tó wà lórí ihò, àmọ́ àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 22 February 1989 nìkan ló wà fún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé Erie.

Níbi tí mo ti ń wo máàpù ni mo ti rí Columbine, ihò kan tó wà ní Serene létí Erie. Ní 21 November 1927 àwọn awakùsà tó ti dáṣẹ́ sílẹ̀ torí owó oṣù tí ò tó nǹkan wọ́ wá sẹ́nu géètì, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ yìnbọn, mẹ́fà kú. Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, torí oṣù November náà ni, lọ́dún 1949, ni ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley, Enugu, tí bàbá mi máa ń sọ fún wa. Àwọn tó ń gbé Erie báyìí, ó yẹ kí wọ́n mọ àwọn tó kú síbẹ̀.

Ilé kejì tá a rí, ìta ààlà ihò ló wà, ẹnjiníà náà yẹ̀ ẹ́ wò, mo gba àbájáde àyẹ̀wò ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ torí amọ̀ ibẹ̀ máa ń wú tí omi bá kàn án, ìyẹn náà ń dá ilé láàmú. Mo fi ẹ̀dà máàpù ránṣẹ́ sí màmá mi lórí WhatsApp, wọ́n ní ṣé ó dá mi lójú pé kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. A kó wọlé ní oṣù kẹrin. Sìmẹ́ǹtì gáréèjì là fẹ́rẹ́ níbì kan, mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sí òpin ẹ̀, mo kọ déètì sí i, títí di òní kò tíì kọjá àmì yẹn.